Ọjọ́ Tí Wọ́n Kí Mi Kú Oríire

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Èmi ni mò ń kọ ìròyìn ọ̀sẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Bí ọ̀gá àgbà bá lọ sípàdé ní Òṣogbo, èmi ni màá kọ ọ́ pé wọ́n lọ. Bí wọ́n bá dé, èmi náà ni màá kọ ọ́ pé wọ́n ti dé, pé ìpàdé náà sì sèso rere. Bí wọ́n bá kun ilé ìkàwé, mo kọ ọ́. Bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, mi ò ní kọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe ni mo máa ń kọ ọ́, àwọn ará ibi iṣẹ́ á wá máa bi mí pé ìgbà wo gan-an ló bàjẹ́, bí ẹni pé kì í ṣe àwọn náà ni wọ́n ti ń gbé korobá kiri láti ọjọ́ yìí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ni, lẹ́bàá Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ lóríṣiríṣi. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ìròyìn á jáde sórí Wáásáàpù àwọn òṣìṣẹ́, a ó sì lẹ ti bébà mọ́ pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ. Gbogbo ènìyàn ló ń kà á, kì í ṣe nítorí pé ó dùn. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n gbé ga àti ẹni tí wọ́n gbé kúrò nípò ni. Àpótí kan wà lójú ewé àkọ́kọ́ tó wà fún ìyẹn nìkan, ibẹ̀ sì ni ojú gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ lọ.

Èmi ò kọ́ṣẹ́ ìròyìn o. Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Iléèwé girama tó wà nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí obìnrin tó ń kọ ìròyìn fẹ́ lọ bímọ. Wọ́n ní kí n bá a di ibẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀, torí pé wọ́n ti rí i pé mo mọ̀wé kọ. Obìnrin náà bímọ, ó tọ́ ọmọ, ó kó ọmọ tẹ̀lé ọkọ lọ sílùú òyìnbó. Ọmọ yẹn á ti máa lọ síléèwé báyìí. Èmi ṣì ń di ibẹ̀ mú.

Yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì fún mi. Fèrèsé kan ló ní, irin ni wọ́n fi dí i, ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀ ló sì kọjú sí. Bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, mo ní láti pa fèrèsé dé kí èéfín má bàa pa mí, bí mo bá sì pa á dé, ooru á mú mi. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, tí màá máa kọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi. “Ọ̀gá àgbà fi ìdùnnú wọn hàn.” “Ọ̀gá àgbà rọ gbogbo òṣìṣẹ́ láti túbọ̀ tẹra mọ́ṣẹ́.” Nígbà míì, mo máa ń kọ ọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ rárá, wọ́n á sì wá sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà kan rí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi dé ibi pé bí mo bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn, ìka mi á kọ́kọ́ wúwo.

Kíláàsì ni mo fẹ́. Ẹni tó bá ti dúró níwájú àwọn ọmọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán rí, tí oorun ń kùn wọ́n, tó wá sọ ohun kan tí gbogbo wọn fi lajú lẹ́ẹ̀kan náà, á mọ ohun tí mò ń wí. Kò sí irú ẹ̀ nínú kíkọ ọ́ pé wọ́n kun ilé ìkàwé.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, ó yẹ kí n sọ nípa ìkíni kú oríire ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa rò pé èmi ni mo ya òpè. Bí wọ́n bá yan ẹnì kan sípò, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ á kóra jọ, wọ́n á fi orin àti àtẹ́wọ́ lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà. Onítọ̀hún á kúnlẹ̀ bó bá jẹ́ obìnrin, á dọ̀bálẹ̀ bó bá jẹ́ ọkùnrin. Àgbà tó bá wà níbẹ̀ á gbàdúrà sí i lórí. Wọ́n á jẹ bisikíìtì, wọ́n á mu nǹkan ẹlẹ́rìndòdò. Ẹbí onítọ̀hún á gbọ́, àwọn náà á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kí wọ́n pe àwọn àlùfáà wá ṣàdúà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ta ni yóò wá sọ pé òun ò ṣe mọ́? Ta ni yóò dá àdúrà padà? Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é.

Ó le dé ibi pé ó ti sọ ẹni tí wọn ò yàn di ẹni tí wọ́n yàn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ọ̀rọ̀ jò síta pé wọ́n ti fi ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kò mọ ní ẹyọ kan. Àwọn obìnrin ò bèèrè, wọ́n ti gbé orin lọ bá bàbá kan tó ti ń múra láti fẹ̀yìn tì sídìí kòkó ẹ̀ ní Ifẹ̀wàrà. Bàbá náà ní kì í ṣe òun, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe é. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, àwọn àna ẹ̀ ti ru iṣu wá láti Ìpèríndó. Ọ̀gá àgbà ìgbà yẹn ronú ẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n rí i pé ìtìjú tí yóò bá gbogbo ènìyàn bí àwọn bá ní kí àwọn àna náà ru iṣu padà pọ̀ jù. Wọ́n fi bàbá náà sípò. Ẹni tí wọ́n yàn gan-an wà lára àwọn tó jẹ bisikíìtì.

Láti ìgbà náà ni mo ti dábàá pé kí n máa fi àpótí ojú ewé àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófìfo. Ní ọjọ́bọ̀, màá parí ìyókù, màá gbé e fún akọ̀wé ọ̀gá àgbà, òun ni yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí náà, tí yóò sì fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Èmi gan-an tí mò ń kọ ìròyìn kì í mọ ohun tó wà níbẹ̀ títí tí yóò fi jáde. Gbogbo wọn ló yìn mí fún ọgbọ́n yẹn.

Òṣogbo ni mò ń gbé, ní Òkè-Fìà, nílé àwọn ọkọ mi. Ọmọ Iléṣà ni èmi, ìyá mi ṣì wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí. Mùsùlùmí ni ọkọ mi, káfíńtà bíi bàbá ẹ̀ àti bàbá bàbá ẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí gáráàjì, kí n tó bọ́ sínú mọ́tò Iléṣà. Ọmọ mi á ṣì máa sùn. Bí mo bá fi máa dé, ìyá ọkọ mi á ti bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tán, ó kù kí n kàn bèèrè pé ṣé ó ti jẹun. Mi ò lè sọ pé ẹnikẹ́ni fìyà jẹ mí. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, torí mi ò rí ẹni tí màá bínú sí.

Ọkọ mi ló gbọ́ pé iléèwé girama aládàáni kan, tó ń ṣe àga fún, ń wá olùkọ́ Yorùbá. Iléèwé náà ò jìnnà sílé wa, ẹsẹ̀ lásán ni èèyàn á fi rìn débẹ̀. Mo lọ rí ọ̀gá iléèwé náà, obìnrin ọlọ́yàyà kan tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n kọ́ kíláàsì kan kí àwọn wò ó. Mi ò lè sọ fún yín bí ara mi ṣe rí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo jáde síta, ńṣe ni mò ń rẹ́rìn-ín lójú títì, tí ọlọ́kadà kan fi bi mí pé, “Màmá, ṣé kò sí o?”

Ọ̀gá iléèwé ní àwọn fẹ́ mi. Ó ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n bá wọlé. Ó kàn ní òun ò fẹ́ ìjà pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, kí n rí i pé wọ́n yọ̀ǹda mi ní ìrọwọ́rọsẹ̀.

Mo bá lọ bá ọ̀gá àgbà wa. Wọn ò tíì pẹ́ nípò, èmi ni mo kọ ìròyìn dídé wọn, mo sì kọ ọ́ dáadáa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í gbóhùn sókè. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n gbé omi fún mi.

“Ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀?” wọ́n bi mí.

“Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi yín sílẹ̀, sà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbi ìròyìn.”

“Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Ẹ sì ti gbìyànjú, kò sì sẹ́ni tó kà yín sí.” Wọ́n mi orí. “Ó dùn yín, àbí?”

Mo ní ó dùn mí díẹ̀. Kí ni kí n sọ?

“Mo ti gbọ́ yín. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ó gbọ́ ohun tí yóò múnú yín dùn.”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ títí. Bí mo ṣe ń jáde, ó dà bíi pé wọ́n tú okùn lára mi. Mo ra búrẹ́dì gbígbóná fún àwọn ará ilé, mo sì ra màkà tuntun, pupa àti búlúù, èyí tí màá fi kọ nǹkan sójú pátákó. Ní ọjọ́bọ̀, mo parí ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn pẹ̀lú ìfẹ́, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé tó fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Mo fi àpótí sílẹ̀ lófìfo bí mo ti ń ṣe, mo gbé e fún akọ̀wé, mo lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, táyà mọ́tò wa jò lójú ọ̀nà. A sọ̀ kalẹ̀, a dúró sẹ́bàá igbó, dírẹ́bà ń wá nǹkan tí yóò fi gbé mọ́tò sókè. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. “Ẹ kú oríire o.” Òmíràn dé. “Mo bá yín yọ̀, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó mọ níbẹ̀.” Inú mi dùn. Mo ní, ọ̀gá àgbà mà mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ. Wọ́n ti yọ̀ǹda mi, wọ́n sì ti gbé e jáde nínú ìròyìn fún gbogbo ayé rí. Èmi tí mo kọ ìròyìn náà ò ṣí i wò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àti pé ta ló ń ka ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ? Mo kàn ń dáhùn ni. “Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà.” “Àmín, a dúpẹ́.” Nígbà tó yá, mi ò tilẹ̀ wo ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ́, wọ́n pọ̀ jù.

Ìyá mi náà pè, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀ṣà wọn. Mi ò tíì sọ ohunkóhun fún wọn nípa Òṣogbo, mo fẹ́ kó dájú ná.

“Èmi ùyá ẹ rèé o! Wọ́n ní nǹkan ayọ̀ ṣẹlẹ̀, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ!”

Mo ní, “Ẹ má bínú, màmá. Mo fẹ́ kó yanjú kí n tó sọ ọ́. Ọlọ́run ló ṣe é.”

“Òótọ́ ni, àbí?”

“Òótọ́ ni, mà.”

Wọ́n bú sẹ́kún lórí fóònù. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ìyá mi mà fẹ́ràn iṣẹ́ tíṣà o.

Ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti gbọ́ orin. Àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ jó díẹ̀. Mo rò pé ìdágbére ni, orí mi sì wú pé wọ́n fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jó mi dé ẹ̀gbẹ́ ilé oúnjẹ, níwájú pátákó, mo gbójú sókè, mo ka ohun tó wà nínú àpótí mi.

Wọ́n ti fi mí ṣe olórí ẹ̀ka ìròyìn.

Ẹ̀ka wo? Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Olórí ara mi ni wọ́n fi mí ṣe, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, inú wọn ń dùn. “Ṣé ẹ rí i? Mo ní ẹ ó gbọ́ ohun tí yóò múnú yín dùn.” Kò sí ẹ̀tàn kankan lójú wọn. Ohun tó burú jù nípa ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ, ipò ló ń wá. Wọ́n ti wo ọ̀rọ̀ mi sọ́tùn-ún, wọ́n wò ó sósì, wọ́n sì ti fún mi ní ohun tó dára jù lọ tí wọ́n ní.

Inú bí mi gan-an. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò gùn. Ṣùgbọ́n ìyá tó dàgbà jù láàárín àwọn tó ń gbálẹ̀ ọgbà ti gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ti ń pe Ọlọ́run àwọn baba wa, orúnkún mi sì ti wà nílẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Gbogbo wọn ń ṣe àmín. Ẹnu tí mo là, àmín náà ló jáde níbẹ̀.

Bàbá ọjọ́sí tí wọ́n fi iṣu Ìpèríndó ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà wà níbẹ̀. Ó fà mí dìde, ó di ọwọ́ mi mú díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọrin tán,” ó rọra wí. “Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, ara yín á balẹ̀.”

“Ṣé ara yín ti balẹ̀, sà?”

Ó wo àwọn tó ń jó. “Ẹlòmíràn ló ń bá mi ká kòkó mi,” ó ní, ó sì lọ mú bisikíìtì.

Nílé, ọkọ mi ò rí ohun tó le níbẹ̀. “Sọ fún wọn pé o ò fẹ́ ẹ, kó parí.” Ó rọrùn lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ ìyá ẹ̀ ti gbọ́ nígbà yẹn, wọ́n ti ní Alihamudulilahi, wọ́n ti pe àwọn àgbàlagbà àdúgbò, wọ́n ti ṣàdúà fún mi nínú pálọ̀ kí n tó bọ́ bàtà. Ọkọ mi náà jókòó síbẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́, ó ń ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, kò wí kinní kan nípa kí n sọ fún wọn mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo lọ sí Iléṣà. Ìyá mi ti ṣètò ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wọ aṣọ tí wọn kì í wọ̀ lójú lásán, wọ́n we gèlè tó ga. Wọ́n pè wá síwájú. Ẹ ò rí bí ìyá mi ṣe jó. Obìnrin tí orúnkún ń dùn, tó ń di ara ògiri mú lọ sílé ìwẹ̀, ló ń ṣẹ́ orúnkún yẹn lọ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Kò sí ẹni tó jẹ́ olórí ohunkóhun rí nínú ilé wa. Bàbá mi kú sídìí iṣẹ́ ṣíṣọ́ géètì. Mò ń jó lẹ́yìn wọn, omi ń bọ́ lójú mi, àwọn èèyàn ń wò mí, wọ́n ní omijé ayọ̀ ni.

Nígbà tí a délé, wọ́n gbé iyán síwájú mi. Mi ò lè jẹ ẹ́. Wọ́n jókòó tì mí, wọn ò tíì tú gèlè.

“Kí ló ń ṣe ẹ́? Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń wo ojú ẹ.”

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀, látorí iléèwé Òṣogbo dórí táyà tó jò, dórí àwọn tó kí mi tí mo sì ń ṣe àmín fún. Mo ní ọ̀la ni wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀. Mo ní ibi tí mo wà yìí ń pa mí. Mi ò sọ ọ́ báyìí fún ẹnikẹ́ni rí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ̀ pé ó tó báyẹn títí tí mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè wọn, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé orí itan.

“Ujó ni mo jó,” wọ́n ní. “Mi ò bá ẹ búra.”

“Màmá, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló rí yín.”

“Wọ́n rí mi. Bí wọ́n bá bi mí, mo mọ ohun tí màá wí. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín, kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Èmi kọ́ ni mo máa jókòó síbi uṣẹ́ yẹn.” Wọ́n ti abọ́ iyán sọ́dọ̀ mi. “Ọ̀la, máa lọ síbi tọ́kàn ẹ wà. Jẹun.”

Mo jẹun. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì bu òmíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ Ajé, mi ò lọ sí gáráàjì. Mo jí ọmọ mi fúnra mi, mo wẹ̀ fún un, ó ń bi mí pé ṣé ìsinmi ni. Mo kó màkà mi sínú báàgì, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Òkè-Fìà ti ń pariwo, àwọn kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń gbálẹ̀ iwájú ilé, èmi sì ń lọ láàárín wọn bí ẹni tó rí ilé ẹ̀ padà. Mo ti pinnu pé láti ibẹ̀ ni màá ti pe ọ̀gá àgbà wa, pé màá sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Bí ọ̀gá iléèwé ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde lórí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Háà! Ọ̀gá wa! Ẹ̀yin náà lẹ fẹsẹ̀ ara yín wá kí wa? Ẹ kú oríire o!”

Mo dúró.

“A ti kà á láti ọjọ́ Jímọ̀,” ó ní. “Àbúrò mi kan níbi iṣẹ́ yín ló fi í ránṣẹ́ sí mi. Inú mi dùn! Mo ní obìnrin yìí, Ọlọ́run ti gbé e ga kó tó dọ́dọ̀ wa. Mo kí yín lórí Wáásáàpù, ẹ sì dáhùn pé Ọlọ́run á ṣe tiwa náà.”

“Èmi ni mo dáhùn?”

Ó ṣí fóònù ẹ̀, ó gbé e fún mi. Èmi ni. Ó wà níbẹ̀, àmín mi, láti ẹ̀bá igbó níbi tí táyà ti jò.

“Mo wá ní kí n má dà yín láàmú mọ́,” ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ọjọ́ yẹn náà ni mo ti pe ẹlòmíràn. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run tóbi, kọ́lẹ́ẹ̀jì yín náà ló ti jáde! Ó ti wà ní kíláàsì báyìí.”

Mo gbọ́ ọ. Ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, ó ga díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, bí ohùn gbogbo wa ṣe máa ń rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó sọ nǹkan kan, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe é dáadáa. Ó wù mí kó má mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo lè sọ fún obìnrin yẹn pé àṣìṣe ni. Kí ni yóò ṣe? Ṣé yóò wọlé lọ fà á jáde níwájú àwọn ọmọ, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀, nígbà tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ tiẹ̀ náà nílé bàbá ẹ̀? Mo wo ojú ọ̀gá iléèwé, ayọ̀ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Mo jókòó sórí àga tó fi hàn mí, ọ̀kan nínú èyí tí ọkọ mi ṣe.

“Ẹ kú oríire,” ó tún ní. “Ẹ ó ṣe wá lóore kan o, ọ̀gá wa. Ọmọ yín tó ń kọ́ wọn yìí, ẹ bá wa gbé e sínú ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ti di olùkọ́ Yorùbá níbí. Inú àwọn òbí ẹ̀ á dùn.”

Níkejì ògiri, àwọn ọmọ tún rẹ́rìn-ín. Mo yọ bírò jáde nínú báàgì. Mo ní kó pe orúkọ ọmọ náà fún mi díẹ̀díẹ̀, kí n lè kọ ọ́ dáadáa.